Ọ̀dá Dá, Adágún Ẹja Ń Gbẹ: Ta Ló Ni Omi Tó Kù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá bá omi ṣọ̀tá, kí ni yóò fi wẹ̀, kí ni yóò fi sebẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá dá, ẹ ó rí i pé omi tí kò lọ́tàá yìí a máa sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Àwọn tó jọ ń rẹ́rìn-ín lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn ní ìwòkuwò lẹ́nu kànga. Ẹni tó ní ẹ̀rọ omi á ti géètì rẹ̀ pa. Ẹni tí kò ní á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ òfìfo kalẹ̀, á ní, "Ó dáa, Ọlọ́run ń wò wá."

Ọ̀rọ̀ adágún ẹja ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìgboro lè wí pé, "Kí ló kàn wá kan ẹja inú kòtò?" Àmọ́ ẹja àrọ̀ tí ẹ ń nàka sí kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀ ata gbígbóná fún yín ní alẹ́ Sátidé, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní point-and-kill, inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó bá jẹ nínú ẹja, ọ̀rọ̀ ẹja kàn án.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Gbogbo ayé mọ ìlú yìí mọ́ ìbejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ nǹkan mìíràn dáadáa, ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbàràpá kì í ṣe igbó kìjikìji, kì í sì í ṣe ọ̀dàn pátápátá. Àárín méjèèjì ló wà. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, òjò a máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ọyẹ́ á dé, ètè á máa bó, ewé á máa já, odò kéékèèké á dẹ́kun ṣíṣàn, wọn á ku kòtò omi níhìn-ín, kòtò omi lọ́hùn-ún. Gbogbo èyí kò tíì burú, ojú ti mọ ọ́n. Àmọ́ bí òjò àkọ́rọ̀ bá pẹ́ kọjá ìgbà tó yẹ kó dé, ọ̀dá ti wọlé nìyẹn.

Ká wá ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ò lè ṣọ̀wọ́n ní Igbó-Ọrà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ni mo ń bá wí. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ó gbẹ́ adágún ẹja sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, 20 mítà ní gígùn, 10 mítà ní ìbú. Ó yá owó, ó fi ra ọmọ ẹja àrọ̀. Ó tún gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà. Oṣù Kẹta dé, òjò ò rọ̀. Kànga àdúgbò gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ Bàbá Ìbejì nìkan ló ṣì ń fa omi, òun náà ò sì pọ̀ mọ́: wákàtí méjì láàárọ̀, omi tán. Ní ìdájí ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà wá kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ẹ jí ire bí, sà?"

"A jí ire o, Ìyá Alákàrà. Ṣé kò sí?"

"Ẹ dákun, sà, kẹ́ẹ̀gì méjì péré ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi bù. Ó di ọjọ́ kẹta tí àwọn ọmọ ti ń lọ sílé ìwé láìwẹ̀. Èyí tí màá fi lọ ẹ̀wà pàápàá, kò sí."

"Ẹ má bínú sí mi, Ìyá Alákàrà. Bí omi yìí bá wọ kẹ́ẹ̀gì lónìí, tí gbogbo àdúgbò bá rí i, wọ́n á tò dé ẹnu géètì mi lọ́la. Àwọn ẹja wọ̀nyí á sì kú. Owó olówó ló wà nínú adágún yẹn."

"Ẹja, Bàbá Ìbejì? Ẹja wá ṣe pàtàkì ju ọmọ èèyàn lọ?"

Bàbá Ìbejì ò rí èsì fọ̀. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ti dájọ́ ná. Ẹ ó ní obìnrin yẹn ló jàre, kò tún sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú adágún náà.

Oòrùn àti ọyẹ́ a máa fa omi lọ lójú adágún. Bí wọ́n bá fa ìwọ̀n mílímítà 5 péré lọ lóòjọ́, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ lórí adágún tó gùn ní 20 mítà, tó fẹ̀ ní 10 mítà. 1,000 lítà omi ló lọ yẹn lóòjọ́ kan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ogójì ni. Èyí tí ilẹ̀ ń mu nísàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ o. Bí ẹ bá sì bù 20 lítà fún ènìyàn kan lóòjọ́ láti mu, láti sebẹ̀, láti fọ ọwọ́ àti láti bomi sára, àádọ́ta ènìyàn ni omi yẹn ì bá tó. Nítorí náà, Ìyá Alákàrà kò sọ àsọdùn. Omi tó ń lọ sójú ọ̀run lásán lórí adágún kan ṣoṣo, ó tó àdúgbò kan lò.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì náà ò purọ́. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, iye ẹja kò dínkù. Àwọn tó wà nínú ilé ńlá ti wá ń gbé inú yàrá kan báyìí. Ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán á máa ki nínú omi. Oòrùn á mú omi náà gbóná, omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn dúró bíi ti omi tútù. Àwọn ewédò wínníwínní tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, wọ́n ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ lọ́sàn-án; tílẹ̀ bá ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí in pẹ̀lú ẹja. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìdájí ni ẹ máa ń rí ẹja tó gbé ẹnu sókè lójú omi, tó ń mí gúlegúle. Bí ẹnì kan kò bá fi omi tútù kún un kíá, tàbí kó kó díẹ̀ kúrò nínú wọn, àárọ̀ ọjọ́ kan ni yóò bá gbogbo wọn lójú omi, tí inú wọn dojú kọ òkè.

Epìyà ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Àrọ̀ yàtọ̀. Ọlọ́run fún àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀, tó fi lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi bíi tiwa. Ó lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó má kú. Èyí gan-an ló ń tan ẹni tó ń sìn ín jẹ. Bó bá wo adágún tó rí i pé ẹja ṣì ń mira, á ní, "Kò tíì burú. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kò mọ̀ pé ẹja náà ti dẹ́kun jíjẹun, pé egbò ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, pé àwọn tó tóbi ti ń jẹ àwọn kéékèèké. Ìfaradà kì í ṣe ìgbádùn. Ẹni tó bá sì rò ó dáadáa á rí i pé bí a ṣe ń ṣe sí àrọ̀ náà la ń ṣe sí àwọn obìnrin tó ń pọn omi. A rí wọn tí wọ́n jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n dé tí wọn kò ráhùn, a wá ní kò tíì burú. Ẹni tó ń fara dà á la máa ń gbàgbé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní: "Omi Bàbá Ìbejì ni. Owó rẹ̀ ló fi gbẹ́ kànga." Èyí ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ẹni tó gbẹ́ kànga, ó na owó, ó làágùn. Ṣùgbọ́n kànga ló gbẹ́, kò dá omi. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà ilé. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fà, ó lè jẹ́ èyí tó ń lọ sínú kànga àdúgbò. Ìjọba pàápàá kò gbà pé omi jẹ́ ti ẹnìkan. Òfin Omi ti ọdún 1993 ní Nàìjíríà gbà kí ẹnikẹ́ni pọn omi láìsanwó fún ìlò ilé àti fún ẹran ọ̀sìn níbi odò tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀fun ló ṣáájú òwò. Nítorí náà, "tèmi ni" kò tó ọ̀rọ̀ láti sọ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Èkejì: "Ẹja ni. Jẹ́ kó kú." Èyí ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹja inú odò, bí omi bá ń gbẹ, á wá ibi tó jìn lọ. Àrọ̀ tilẹ̀ lè wọ́ gba orí koríko tútù lọ sínú omi mìíràn ní alẹ́. Ẹja inú adágún wa kò níbi tí yóò lọ. Àwa la kó o síbẹ̀. Àwa la mọ odi yí i ká. Ẹni tó bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tó gbàgbé láti fún un lómi, ṣé a ó ní ewúrẹ́ ló kú fúnra rẹ̀ ni? Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹja kì í ṣe igi lásán. Ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pẹja nínú odò Ọ̀ṣun ní igbó òrìṣà, igbó yẹn sì ti wà lára àwọn ohun àjogúnbá tí UNESCO ń dáàbò bò láti 2005. Ẹ lè má gba òrìṣà gbọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣì ni pé ẹja lè ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ènìyàn.

Gbólóhùn kan tún wà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n "jẹ́ kó kú". Òun ni "yóò kúkú kú". Ẹ̀yin àgbà ẹ ó rántí Gammalin 20, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fi pa kòkòrò ara kòkó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò bá ku kòtò-kòtò, àwọn kan a máa da oògùn yìí sínú omi kí wọ́n lè rí ẹja kó lọ́pọ̀ yanturu. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ṣebí omi náà ń gbẹ lọ ni? Ṣebí wọ́n á kúkú kú?" Ìyá ẹja kú, ọmọ kú, ẹyin kú, àwọn tó jẹ ẹja náà gbé májèlé mì. Òjò padà dé, odò kún, kò sí ohun tó ń mira nínú rẹ̀. Gbogbo ìkà tí ènìyàn ń ṣe nígbà ìṣòro, "yóò kúkú kú" ló máa ń fi ṣe àwáwí.

Ẹ̀kẹta: "Kí Bàbá Ìbejì ṣí géètì, kí gbogbo ènìyàn wọlé wá bu omi adágún." Inú rere nìyí, ṣùgbọ́n inú rere tí kò ronú ni. Ìbàràpá mọ ìtàn yìí ju ibòmíràn lọ. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, sòbìà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ lè dìde lọ sóko. Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera kalẹ̀ sí Igbó-Ọrà láti 1963, àwọn olùwádìí sì wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, pàápàá ní Ìdèrè tó wà nítòsí. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ á wọ inú adágún láti pọnmi. Kòkòrò náà á tu ọmọ sínú omi. Àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú omi á gbé e mì. Ẹni tó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, ní nǹkan bí ọdún kan sí i, sòbìà tó lè gùn tó mítà kan á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ìgbà tó máa ń ràn jù níbẹ̀, torí pé ìgbà náà ni adágún máa ń kéré, tí gbogbo ènìyàn máa ń rọ́ sínú ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn yìí jákèjádò Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ asẹ́, kànga tó dára àti ẹ̀kọ́ ló lé e lọ. 2008 la rí aláìsàn ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́. Nítorí náà, omi inú adágún ẹja kì í ṣe omi mímu. Omi ẹnu ẹ̀rọ, kó tó wọ adágún, lẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Èwo ni kí á wá ṣe? Èrò tèmi rèé. Ìbéèrè tí Ìyá Alákàrà bi Bàbá Ìbejì ní oṣù Kẹta, ó ti pẹ́ jù. Oṣù Kìíní ni ó yẹ kí Bàbá Ìbejì ti bi ara rẹ̀. Ìwà burúkú náà, bó bá wà, kì í ṣe nígbà tó ti géètì. Nígbà tó rí i pé omi ń lọ sílẹ̀ ní ìka kan lójúmọ́ mélòó kan, tó sì ń da oúnjẹ sí i kí ẹja lè tètè tóbi, tó ń fi orí òjò tí kò tíì rọ̀ ta tẹ́tẹ́, ìgbà náà ló ti yan ohun tó yàn. Ẹni tó bá dúró títí di ìgbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ àyàfi kí ẹja kú tàbí kí òùngbẹ gbẹ aládùúgbò, kò lè wí pé ọ̀dá ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀dá fa díẹ̀. Ìdúró rẹ̀ fa ìyókù.

Ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe kò ṣòro. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, kó kó àwọn tó tóbi tà. Àwọn tí kò rí tà, kó yan wọ́n; ẹja gbígbẹ ò mu omi. Kó dín oúnjẹ kù. Kó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá kan ojú omi kí oòrùn má fà á tó bẹ́ẹ̀. Kó yan ìyá ẹja díẹ̀ àti akọ díẹ̀ sínú táńkì kékeré kan, kí irú má bàa run. Adágún tó ń mu ogójì kẹ́ẹ̀gì lóòjọ́ á di táńkì tó ń mu kẹ́ẹ̀gì kan tàbí méjì. Omi tó kù, kó gbé ẹ̀rọ síta fún àdúgbò ní wákàtí tó dá, kó gba owó díẹ̀ fún epo ẹ̀rọ bí ó bá jẹ́ dandan. Ṣùgbọ́n kó má fi òùngbẹ ènìyàn dá ọjà ọ̀wọ́n.

Mo gbọ́ ohun tí ẹnì kan yóò sọ: "Ìwọ akọ̀wé yìí, ó rọrùn fún ọ. Bí gbogbo ọlọ́jà bá kó ẹja jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kìíní, owó ẹja á já wálẹ̀. Ta ni yóò bá Bàbá Ìbejì san gbèsè?" Òótọ́ ni, mi ò sì ní èsì tí kò ní ìrora nínú. Àdánù á bá a. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa yòókù nìyí. A ò lè ní kí ẹnìkan ru ọ̀dá gbogbo ìlú lórí. Bó bá ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ fún àdúgbò, àdúgbò jẹ ẹ́ ní gbèsè: kí wọ́n ra ẹja rẹ̀ ní owó tó tọ́, kí wọ́n dá owó epo, kí ẹni tó yá a lówó fún un láyè di ìgbà òjò. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Àdúgbò tó bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ tó tún ń bú u pé ó kó owó jẹ, kò sàn ju ẹni tó ti géètì lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé a kò múra sílẹ̀ ńkọ́, tí oṣù Kẹta ti bá wa lójijì? Nígbà náà, ènìyàn ló ṣáájú. Kí á bu omi fún Ìyá Alákàrà. Ṣùgbọ́n kí á kó ẹja náà jáde lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí á pa wọ́n kíá, kí á yan wọ́n, kí á má fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa kú díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí a kò bá lè dá ẹ̀mí wọn sí, ikú tí kò pẹ́ kò pọ̀ jù láti fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Igbó-Ọrà nìkan. Ní 1983, ọ̀dá mú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; iná jó oko kòkó ní Gánà, ebi sì pa wọ́n. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú-lóròó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò ku ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980. Apẹja, darandaran àti àgbẹ̀ dojú kọ ara wọn létí omi tó kù. Ìjà Bàbá Ìbejì àti Ìyá Alákàrà náà ni, àwọn tó ń jà á ló pọ̀. Ayé sì ń gbóná sí i. Òjò tí a mọ ìgbà tó ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń yí ìgbà rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá ní adágún, kó máa lọ wo ojú omi rẹ̀ ní ìdájí. Ẹni tí kò ní adágún ṣùgbọ́n tó ní kànga, ẹ̀rọ tàbí táńkì lórí òrùlé, òun náà ní adágún tirẹ̀. Kó ronú ní oṣù Kìíní nípa ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Kó má gbàgbé pé kì í ṣe òun nìkan ni yóò gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá.